Ìbò Tó La Ọkọ Mi àti Àbúrò Mi Níjà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, torí tí mo bá fi ọ̀rọ̀ Thaddeus bẹ̀rẹ̀, inú á bí mi, màá sì gbàgbé ọpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àwa ará ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà tí a pinnu pé ká yí ọ̀nà ìdìbò wa padà. Ọpẹ́ tó kù, ẹ ó gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ bá débẹ̀.

Thaddeus Gaines ni ọkọ mi. Geneva ni àbúrò mi kan ṣoṣo, ọmọ ìyá mi. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn méjèèjì jáde du ipò kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bẹ Thaddeus, ó ní òun ti tẹ pátákó ìpolongo. Mo bẹ Geneva, ó ní òun lòun kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà yẹn, ẹnì kan péré lèèyàn lè sàmì sí lórí ìwé ìdìbò. Àwọn èèyàn wa bá pín sí méjì: àwọn kan tẹ̀lé ọkọ mi, àwọn kan tẹ̀lé àbúrò mi, Craig Holloway, olùdíje kẹta, sì gba àárín wọn kọjá, ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí kò fẹ́ ẹ pọ̀ fíìfíì ju àwọn tó fẹ́ ẹ lọ. Ojú ẹ̀ báyìí làwọn olè ṣe ń tú bíríkì ara ilé tó ṣófo lọ tà lójúmọmọ. Tá a bá pè é lórí fóònù, ẹ̀rọ ló ń dá wa lóhùn.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ti Holloway. Ohun tó dùn mí ni pé orí àtẹ̀gùn iwájú ilé mi ni Thaddeus dúró sí tó sọ fún Geneva pé, "Tí kì í bá ṣe ojúkòkòrò rẹ, èmi ni ì bá wọlé."

Geneva wò ó títí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Thaddeus. Mi ò ní da ilé yín láàmú mọ́."

Ó lọ, kò sì padà wá. Kérésìmesì dé, kò wá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní orúnkún, ọsibítù ló ti wá kí mi. Nígbà tí mo délé, àtẹ̀gùn yẹn ló ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ sí, á tẹ aago, á bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ ìyá mi ń já oúnjẹ sílẹ̀ fún mi bí ẹni tó ń jíṣẹ́ lẹ́tà. Omijé ni mo fi jẹ gbogbo ẹ̀. Àwọn àgbà ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni, àmọ́ ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún nínú àwọn méjèèjì?

Nígbà tí ìdìbò tún dé, òfin ti yàtọ̀. Ní ìdìbò àkọ́kọ́, ní oṣù Kẹta, èèyàn lè sàmì sí gbogbo olùdíje tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ì báà jẹ́ ẹnì kan, ì báà jẹ́ mẹ́ta. Àwọn méjì tí àmì wọn bá pọ̀ jù ló máa pàdé ní oṣù Kẹrin, ibẹ̀ la ti máa wá mú ẹyọ kan. Holloway tún jáde. Thaddeus tún jáde. Geneva tún jáde. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, mo lè mú ọkọ, mo lè mú àbúrò, ẹnikẹ́ni ò ní bi mí pé ta ni mo fẹ́ràn jù.

Àfi bí Thaddeus ṣe gbójú sókè nídìí oúnjẹ.

"Bernadette, èmi nìkan ni kí o sàmì sí o."

"Kí ló dé? Òfin ní mo lè mú méjì."

"Tí o bá mú èmi àti Geneva, o fọwọ́ ọ̀tún fún mi, o fi tòsì gbà á padà nìyẹn. Ìṣirò ni."

"Ìṣirò yẹn náà lo ṣe níjọ́sí tí Holloway fi gun wá lórí."

Ó tẹ orí mọ́ àwo ẹ̀, ó ń jẹun lọ. Ìgbà tó tún máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò: "Èmi nìkan o. Ẹ má sàmì sí ẹlòmíì." Olóríkunkun pátápátá. Ẹ wò ó, mo ti ní mi ò ní bínú.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìdìbò, gbogbo wa wà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni, tí a kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ọjọ́ Ẹtì la sì máa ń din ẹja níbẹ̀. Kò sí olóṣèlú tó mọ ohun tó ń ṣe tó jẹ́ pa ẹja wa jẹ. Èmi ni mo wà nídìí epo. Holloway ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti tábìlì dé tábìlì, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Baba Hambrick, arúgbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Baba bi í ní ohun tí a máa ń bi gbogbo èèyàn níbí, ká lè mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ìlú: "Ilé ẹ̀kọ́ girama wo lo lọ?" Holloway dárúkọ ọ̀kan tó wà ní ìlú míì.

"Ó dáa náà," ni Baba wí. "Lọ bu ẹja."

Ìgbà tó yá, wọ́n gbé máìkì fún Geneva.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ẹ sàmì sí mi. Kí ẹ tó wá gbé bírò kúrò, ẹ sàmì sí Thaddeus Gaines náà. Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí yìnyín dí òpópónà wa, ta ló gbé ṣọ́bìrì, tó ń kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà àwọn arúgbó? Òun ni. Bí a ti ń jà, bí i ká kú kọ́."

Ẹja mi jó lábẹ́, mi ò yí i. Mo ń wo ọkọ mi, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi ọ̀rọ̀ rere sí i lẹ́nu. Máìkì dé ọwọ́ ẹ̀. Ó wúkọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ dìbò fún mi," ó sì jókòó. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ojú sí.

Baba Hambrick rọra wá bá mi. "Bernadette, ṣé ọkọ rẹ ò gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ sọ ni?"

"Ó gbọ́, Baba. Etí ẹ̀ dáa. Orí ló le."

Ọjọ́ ìdìbò pé. Mo sàmì sí Thaddeus, mo sàmì sí Geneva, mo sì dúró síbẹ̀ tí mo ń wo àmì méjèèjì lórí ìwé kan náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "O ṣeun, Olúwa." Níta, mo bá Baba Hambrick pàdé.

"Ta lẹ mú, Baba?"

"Gbogbo wọn ni mo mú."

"Títí kan Holloway?"

"Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló kí mi dáadáa."

"Baba, tẹ́ ẹ bá mú gbogbo wọn, ẹ ò yan ẹnikẹ́ni nìyẹn."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa bínú sí mi."

Nírọ̀lẹ́, èsì jáde. Thaddeus ló ṣáájú, Geneva tẹ̀lé e, Holloway ṣe ìkẹta, a sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi ń pariwo nínú pálọ̀. Òun nìkan ni kò pariwo. Ó ń wo fóònù, ó ń wo èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, "Lápá ọ̀dọ̀ Geneva, mi ò kan ilẹ̀kùn kankan. Síbẹ̀, àmì tí mo ní níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tiẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìwọ̀nba ló mú un. Díẹ̀ báyìí ló kù kí Holloway yọ ọ́ dànù."

"Ìwọ̀nba yẹn ló kó o yọ," mo ní. "Èmi náà wà lára wọn."

"Mo mọ̀."

"Thaddeus, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ kóòtù, ó ń lọ. Mo tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà Geneva.

"Geneva, mo wá dúpẹ́," ó ní. "Àwọn èèyàn rẹ ló gbé mi dókè."

"Kò tọ́pẹ́, Bọ̀dá. Ṣé ẹ̀yin náà sàmì sí mi?"

Mo gbàdúrà kó purọ́. Ọlọ́run á dárí jì mí.

"Rárá," ni Thaddeus wí. "Mi ò sàmì sí ọ."

Geneva mi orí. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́," ó ní, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Mo sunkún délé. Mo rò pé ó parí nìyẹn.

Oṣù Kẹrin wá dé, àwọn méjèèjì nìkan ló kù lórí ìwé, ẹyọ kan lèèyàn sì lè mú. Òjò ń wínníwínní. Thaddeus ti dìbò kí n tó jáde, ó ń dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ojú ẹ̀ pọ́n.

"Kí ló dé?" mo ní. "Ta lo mú?"

"Geneva."

"Orúkọ tìrẹ wà níbẹ̀ o."

"Mo rí i. Níjọ́sí, mo lè bù fún un láìdín tèmi kù lójú ìwé, mo ṣahun. Lónìí tó jẹ́ ẹyọ kan ni mo ní, òun ni mo fún." Ó nu imú. "Má sọ fún un."

Mo dì mọ́ ọn níbẹ̀ nínú òjò, lójú gbogbo èèyàn. Ọlọ́run mọ̀ pé mo dúpẹ́ pé mo fẹ́ ọkùnrin yìí. Kí a tó dé ìdí mọ́tò, mo ti pe Geneva.

Ẹ má bi mí pé ta lèmi mú. Geneva ló wọlé, ẹ lọ bi àwọn olè bíríkì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kéde ohunkóhun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó bọ́ kóòtù, ó wọ kíṣìnì mi láti bá mi dáná. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ó tì í. Ó ṣí èkejì.

"Sista mi," ó ní, "ibo lẹ wá ń gbé iyọ̀ sí báyìí?"

Ọmọ ìyá mi ò mọ ibi tí iyọ̀ mi wà. Thaddeus ló dìde, ó mú iyọ̀, ó sì gbé e lé Geneva lọ́wọ́.