Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn Pátápátá

Funfun ni gbọ̀ngàn náà lórí tábìlì, àwòṣe tí wọ́n fi páálí lásán ṣe, kò ju ohun tí èèyàn lè gbé mọ́ àyà lọ. Oòrùn ọ̀sán ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń sinmi lórí òrùlé rẹ̀ tó tẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tí èèyàn gbé sẹ́yìn etí kó lè gbọ́ràn.

Ẹ wò ó bó ṣe rẹwà! Ìbíyẹmí ló yà á. Dúródọlá ló dúró tì í.

Òní ni àwọn tó ń kọ́ yíya àwòrán ilé ń gbé iṣẹ́ wọn síwájú àwọn olùkọ́. Gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá ni wọ́n ní kí kálukú yà, kó sì fi páálí ṣe àwòṣe rẹ̀. Ìbíyẹmí jókòó lẹ́yìn pátápátá, tirẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, aṣọ ṣì bò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Dúródọlá tọrọ àwòrán rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ wo bó ṣe to àga. Ó fún un. Ta ni kì bá fún un? Ọmọkùnrin tó ń bá a gé páálí, tó ń fẹ́nu fẹ́ gọ́ọ̀mù kó lè tètè gbẹ, tó ń pè é ní Ìbí mi.

Dúródọlá ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ó ń sọ ọ́ kó dùn. Ó ní nítorí ìyá òun ni òrùlé náà ṣe tẹ̀ báyẹn. Ó ní etí ìyá òun ò gbọ́ràn dáadáa, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí nípàdé, bí àwọn èèyàn bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, kò ní mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Háà! Ìyá ta ni? Ìyá rẹ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin, tí ohùn kan ò lè ṣì kó má gbọ́? Ìyá Ìbíyẹmí nìyẹn o! Ó jí àwòrán, kò tó o, ó tún jí ìyá. Ojú ò tì í. Ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ̀n.

Olùkọ́ kan ń nu ojú. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Wọ́n pe Ìbíyẹmí. Bó bá ṣí aṣọ yìí, òun ni wọn á pè ní olè. Bí kò bá ṣí i, iṣẹ́ ọdún kan ti wọgbó nìyẹn.

Ó gbé gbọ̀ngàn rẹ̀ síwájú, ó gbé e ti èkejì, ó ṣí aṣọ. Òrùlé kan náà, oòrùn kan náà. Ó wo Dúródọlá, ọ̀rọ̀ kan péré ló ń retí lẹ́nu rẹ̀. Dúródọlá ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Ìbíyẹmí náà rẹ́rìn-ín, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń rín in. Ṣùgbọ́n òun gbọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá ló gbọ́.