Ẹkún Tó Dé Ṣáájú Òkú

Gbogbo ohun tí Vilimaina jẹ lánàá àti lónìí ló bì sínú òkun láàárín Suva àti èbúté Levuka. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi fi máa gúnlẹ̀, ìdí rẹ̀ tó tóbi bí ìkòkò àsè nìkan ló kù tó mú un dúró. Ọmọ erékùṣù ni, ó ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rin, síbẹ̀ òkun ò tíì gbà á lálejò rí. Ó wo èébì tó ta sí i láyà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọpẹ́lọpẹ́ aṣọ dúdú," ló wí. Torí èébì ló ṣe wọ dúdú.

Ó gun ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí abúlé wọn. Ẹní mẹ́rin tó ká wà lórí itan rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń lọ sílé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, eyín àbùùbùtán, ẹja ńlá inú òkun, sì wà nínú àpò rẹ̀, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e. Nítorí eyín yẹn ló ṣe wá.

Apenisa, àbúrò rẹ̀, ọmọ tó pọ̀n títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀, ni àtọ̀gbẹ ń bá fínra. Òkúta etí òkun gé e lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń pẹja, egbò náà kọ̀ kò jiná, ó wá ń dúdú láti ọmọ ìka bọ̀ wá sí ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n gbé e wá sí Suva kí ọ̀sẹ̀ tó parí kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ á gbé ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Apenisa ní òun ò lọ. Ọjọ́bọ̀ nìyí. Ọ̀sán Sátidé ni ọkọ̀ ojú omi máa padà.

Vilimaina ò ránṣẹ́ ṣáájú, torí ó mọ àbúrò rẹ̀: bó bá gbọ́, á ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé òun lọ fara pamọ́ sóko. Òun fúnra rẹ̀ ò sì lè kọ lẹ́tà sí i tàbí kó dójú kọ ọ́ kó bá a wí. Lọ́dọ̀ tiwọn, arábìnrin kì í bá arákùnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà bí wọ́n bá ti dàgbà. Láti ọjọ́ tí Apenisa ti hu irùngbọ̀n, kò sí ọ̀rọ̀ tó kúrò lẹ́nu rẹ̀ dé etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìgba ẹnu ẹlòmíràn kọjá. Ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi eyín àbùùbùtán bẹ èèyàn, tó sì fọwọ́ gbà á, ó ti jẹ́ hòo nìyẹn. Ìyẹn ni Vilimaina gbójú lé.

Torika, ìyàwó pásítọ̀, ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà abúlé nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Ó rí aṣọ dúdú. Ó rí ẹní. Ó rí bí ojú Vilimaina ṣe wú, èyí tí èébì fà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹní àti aṣọ dúdú ni wọ́n fi ń lọ kí òkú.

"Yéè!" ni Torika ké. "Apenisa o!"

Vilimaina gbọ́ igbe yẹn. Ó rò pé òun ti pẹ́. Ó sọ ẹní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó figbe ta: "Mo pẹ́ dé o! Apenisa, ọmọ tí mo pọ̀n!" Torika tó jẹ́ pé ó kàn fura ni tẹ́lẹ̀ wá rí i pé ẹ̀gbọ́n olóògbé fúnra rẹ̀ ń yí nílẹ̀, ó ní ó ti dájú nìyẹn. Kí á tó ṣẹ́jú, gbogbo abúlé ti tú síta, obìnrin ń sunkún, ọkùnrin ń bọ́ fìlà, wọ́n sì wọ́ tẹ̀ lé Vilimaina lọ sí ilé Apenisa.

Sakeasi ló jáde sí wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ọkùnrin ni, irú ìbátan tí àṣà wọn gbà láyè láti fẹ́ Vilimaina, tó sì láṣẹ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí wọ́n á fi kú.

"Ìyàwó mi tí mi ò rí fẹ́," ló wí, "ta ló kú?"

"Ṣé kì í ṣe Apenisa ni?"

"Apenisa wà nínú ilé, ó ń jẹ gbágùúdá. Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ ṣì máa nílò òun níbi ìsìnkú náà."

Ẹ̀rín wó lu ẹkún. Vilimaina jókòó bẹ́ẹ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ìtọ̀ díẹ̀ fi bọ́ lára rẹ̀. "Aṣọ dúdú yìí á rí nǹkan lónìí," ló wí. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, tó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo àbúrò rẹ̀ lórí ibùsùn, Apenisa ò rẹ́rìn-ín.

Ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Òórùn ẹsẹ̀ náà ti gba ilé kan.

"Sakeasi, sọ fún un pé mo wá mú un. Ọ̀sán Sátidé ni à ń lọ."

Apenisa gbọ́ ọ ketekete, àmọ́ ó dúró títí Sakeasi fi yíjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o múra, ẹ jọ ń lọ sí Suva."

"Sọ fún un pé mo ti gbọ́ ohun tó wí lójú ọ̀nà."

"Kí ló wí lójú ọ̀nà?"

"Ó sunkún mi."

"Sọ fún un pé àṣìṣe ni!" Vilimaina fò dìde. "Torika ló bẹ̀rẹ̀!"

"Èmi kọ́ o," Torika dáhùn láti ìta. "Ta ló ní kí o wọ dúdú?"

"Nítorí èébì ni!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín níta. Apenisa ń wo àjà.

Ọjọ́ Ẹtì, àwọn àgbà péjọ, wọ́n po omi gbòǹgbò yaqona tí àwọn àgbà máa ń mu níbi ìpàdé, igbá lọ, igbá bọ̀. Sakeasi kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé eyín àbùùbùtán síwájú Apenisa, ó bẹ̀ ẹ́ lórúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Apenisa ò na ọwọ́.

"Àtẹkún àteyín ló jọ wọ ilé yìí," ló wí. "Eyín òkú ni. Wọ́n ti sunkún mi tán, gbogbo abúlé ló gbọ́. Ibo ni mo tún fẹ́ gbé ara lọ?"

"Ẹsẹ̀ kan péré ni wọ́n fẹ́," Sakeasi ní. "Èyí tí o fi ń jó yẹn, ta ló máa ṣàárò rẹ̀?"

"Bàbá bàbá wa náà rò bẹ́ẹ̀. Òyìnbó ní díẹ̀ ni òun ń fẹ́ létí òkun, kí òun rí ibi kó àgbọn sí. Díẹ̀ yẹn ló di odindi ìlú Levuka."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì burú. Vilimaina tún fi táwẹ́ẹ̀lì wé eyín náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù dé, awakọ̀ fọn fèrè. Vilimaina wo Sakeasi, Sakeasi gbé èjìká sókè. Sakeasi ti bẹ Apenisa láti àárọ̀, ó ti dá àpárá, ó ti bú u. Ẹsẹ̀ náà ti dúdú kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Àbúrò Vilimaina wà ní ìwọ̀n apá méjì sí i. Èyí tó kọ́ ní ìrìn! Èyí tó ń fẹnu rún ẹja fún kó tó fi sí i lẹ́nu!

"Apenisa," ló wí. Sí i. Lójú rẹ̀. "Dákun."

Torika tẹ orí ba lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé ó rí ìhòòhò àgbà. Sakeasi, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n, ń wo ilẹ̀. Apenisa fa aṣọ ìbora rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi bo ojú. Kò bínú. Ojú ló ń tì í, ó ń tì í fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn géńdé mẹ́rin tó dúró láti gbé e sínú ọkọ̀ rọra fà sẹ́yìn, torí ta ni yóò fọwọ́ kan ọkùnrin tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí?

Awakọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó lọ.

Vilimaina ò bá a lọ. Ó fi ìdí wọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, níbi ẹsẹ̀ náà, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó ń lé eṣinṣin. Òfin ò sọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀. Ohùn Apenisa jáde lábẹ́ aṣọ.

"Sakeasi, sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó lọ jẹun."

"Sọ fún un pé mo ti jẹ."

Sakeasi mọ̀ pé Vilimaina ò jẹ nǹkan kan láti àná. Ó la ẹnu láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, ó tún pa á dé. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń dúró dè é.