Àtẹ̀gùn Ni, Kì í Ṣe Atẹ́gùn

Wẹ́dà ni mí. Inú ọgbà ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ páànù mẹ́rin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn, bẹ́ẹ̀dì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ̀, èmi ni mò ń jó wọn pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Kẹ̀kẹ́. Ilé ìwòsàn ló ni ilẹ̀, wọ́n kàn yọ̀ǹda ẹ̀ fún mi ni. Ẹni tó bá wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi obìnrin, télọ̀ ni. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn kan mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì, kò lè dìde mọ́. Dókítà ní kó máa wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ sí yàrá tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ fún èèyàn. Tó bá ń wá, ó ṣeé ṣe kó tún rìn. Tí kò bá wá, ẹsẹ̀ yẹn á gan pátápátá.

Yàrá ọ̀hún wà lórí àtẹ̀gùn méje. Ẹ lè ní kí ló wà nínú méje. Ọkùnrin méjì ló gbọ́dọ̀ gbé e gùn ún, ọ̀kan lápá, ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọwọ́ ẹni tó di apá ẹ̀ mú yọ̀. Kò ṣubú tán, àmọ́ aṣọ ẹ̀ ká dé itan lójú gbogbo àwọn tó jókòó ń retí dókítà.

Nígbà tá a délé, ó ní, "Bùrọ̀dá, ó parí. N ò lọ mọ́."

"Ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́?"

"Kó gan. Ṣé àpò sìmẹ́ǹtì ni mí ni? Sìmẹ́ǹtì gan-an, wọ́n máa ń rọra gbé e kalẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wò ó, òun ò rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé mo ti ń káwọ́ gbera. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ bá Màdáámú tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn, pé kí wọ́n jẹ́ ká ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, tí kẹ̀kẹ́ á lè gbà. Ó ní òun gbọ́. Gbígbọ́ náà ló mọ.

Ọmọ mi tó wà nílé ọkọ ti ṣí ojú ewé kan fún mi lórí Fesibúùkù, kí n máa fi iṣẹ́ mi han àwọn oníbàárà. Èèyàn mọ́kàndínlógójì ló ń wò ó, ẹbí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé: "Ategun ile iwosan wa n pa wa. E gba wa." Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ta ni yóò kọ́ mi ní àmì orí ọ̀rọ̀? Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo da fóònù dojú bolẹ̀, bí ẹni tó jalè.

Ilẹ̀ mọ́. Mo yẹ fóònù wò, ìdáhùn àwọn èèyàn ti kún un. Yéè!

"Bàbá, ẹ ra sùwẹ́tà."

"Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa ojú dé."

"Atẹ́gùn ń pa yín, ooru ń pa èmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu díẹ̀ ránṣẹ́."

Àwọn tó pín in kiri ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Mo fẹ́ pa á rẹ́, n ò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Tèmi ti bọ́, ó ti fọ́, ayé sì ti ń dín in jẹ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹni tó ń ṣọ́ géètì wá dúró sí iwájú mi.

"Bàbá Kẹ̀kẹ́, Màdáámú ń pè yín."

"Ṣé inú ń bí i?"

"Èmi ò mọ̀ o. Àmọ́ ó ti pa fáànù."

Lóòótọ́, nígbà tí mo wọlé, fáànù ò yí, fèrèsé sì wà ní títì gbọn-in. Òógùn ń bọ́ lójú Màdáámú.

"Láti àárọ̀ ni fóònù yìí ò ti sinmi. Wọ́n ń bi mí pé irú àrùn wo ló wà nínú atẹ́gùn wa. Aláìsàn méjì ti kó ẹrù wọn lọ. Bàbá Kẹ̀kẹ́, kí ni atẹ́gùn fi ṣe yín?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. "Màdáámú, kì í ṣe atẹ́gùn. Àtẹ̀gùn ni."

"Àtẹ̀..." Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu ẹ̀, ó gbé e mì. "Ó dáa. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí pé ẹ ṣì í kọ, pé kò sí nǹkan kan tó ń pa ẹnikẹ́ni níbí. Ẹ ó sì máa ṣiṣẹ́ yín lọ lábẹ́ páànù yẹn."

Ẹ gbọ́ bó ṣe pe páànù. Ó ń rán mi létí ẹni tó ni ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ẹnu mi ló sọ ọ́, èmi ò rán an.

Mo jáde. Mo dúró lẹ́bàá àtẹ̀gùn, mo ti ń tẹ̀ ẹ́ pé mo ṣì í kọ. Ni wọ́n bá gbé ìyá arúgbó kan kọjá lójú mi, ọkùnrin méjì, ọ̀kan lápá, ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Ìyá náà dijú pinpin. Kì í ṣe pé ó ń sùn. Ó dijú kó má baà rí àwọn tó ń wo òun.

Mo yọ téèpù ìwọnlẹ̀ mi. Mo wọn àtẹ̀gùn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì yà á ní fọ́tò. Fọ́tò kìíní, ẹsẹ̀ ara mi ni mo yà. Mo wá kọ ọ́ pé: "Mo si i ko loooto. Afefe ko lo n pa wa. Ibi ti a n te gun oke ni. Meje ni. Aburo mi ko le gun un, ese re si n gan. Ona geregere ese bata mejilelogoji ni yoo gba. Irin ibe, emi yoo jo o lofee."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo padà sábẹ́ páànù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di irinṣẹ́ mi sínú àpò kí wọ́n tó wá lé mi.

Àwọn tó wá fi mí rẹ́rìn-ín ò tíì lọ, ẹ rí i. Gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ní kí n ra sùwẹ́tà ló kọ́kọ́ dáhùn: "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ti ilé ìwé ọmọ mi, méjìlélógún ni," ó sì gbé fọ́tò ẹ̀ síbẹ̀. Ni ẹlòmíràn bá gbé ti báńkì wá. Ẹlòmíràn gbé ti kóòtù. Obìnrin kan ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ àwọn tí kò lè rìn sílẹ̀, òkè àjà kejì ló wà! "Ategun n pa wa" wá di ohùn gbogbo èèyàn, wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ láìfi àmì sí i. Onísìmẹ́ǹtì kan ní kí n wá kó ogún àpò. Bíríkìlà mẹ́ta tí n ò rí rí ń bi mí pé ọjọ́ wo. Fóònù Màdáámú tún ń dún, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ń béèrè àrùn.

Ní ọjọ́ kẹta, Màdáámú fúnra ẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́ mi. Mo ní ó ti dé. Ó wo àpò irinṣẹ́ tí mo dì.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Kò síbì kankan, mà. Mò ń... mò ń tò ó ni."

"Ẹ yáa tú u. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n bi yín, ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀?" Ó yí padà, ó tún dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá tún fẹ́ kọ nǹkan, ẹ fi àmì sí i."

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi ṣe é. A yí i ní kọ̀rọ̀ kan láàárín, a tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ kí ẹni tó bá rẹ̀ lè sinmi. Irin ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, èmi ni mo jó o, mo sì fi bébà oníyanrìn ha á títí kò fi ní gé ọmọ ọwọ́. Ilé ìwé méjì àti báńkì yẹn ti ní kí n wá bá àwọn náà wọn tiwọn.

Àbúrò mi wá ní ọjọ́ Ajé. Èrò ti kún, àwọn kan gbé fóònù sókè. Mo di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀ mú.

"Bùrọ̀dá, ẹ yọwọ́."

"Jẹ́ kí n kàn..."

"Ẹ yọwọ́, mo ní!"

Mo yọwọ́. Ó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ yí i. Ó dé kọ̀rọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó tún gbéra. Nígbà tí táyà iwájú kan òkè, ariwo sọ, àfi bí ẹni pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Màdáámú wà lára àwọn tó ń pàtẹ́wọ́, mo rí i. Ìyá arúgbó ọjọ́sí náà wà nísàlẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tiẹ̀, ó la ojú méjèèjì sílẹ̀ kedere, ó ń retí kó kàn án.

Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn. "Ẹ wọlé, mà. Àkókò yín ti tó."

Àbúrò mi yí kẹ̀kẹ́ padà, ó kọjú sí ìsàlẹ̀, eyín ẹ̀ funfun báláú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ní sùúrù díẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n tún un gùn."