Ìbéèrè Tí Ìtùnú Bi Ìyá Rẹ̀

"Mo lálàá kan lọ́sàn-án àná, ara mi ò sì tíì balẹ̀ títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

Bí Mopélọ́lá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn òbí mẹ́jọ kan máa ń jókòó sí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ohun kan ló pa wọ́n pọ̀: àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, ìyẹn àwọn tí ìjọba fi ń bójú tó ọmọdé, ti gba ọmọ lọ́wọ́ gbogbo wọn rí. Àwọn kan ti rí ọmọ tiwọn gbà padà. Ọ̀kan nínú wọn ni Sìdíkátù, ìyá Rùkáyá, tó kó ẹgbẹ́ náà jọ, tó sì máa ń tẹ̀ lé àwọn yòókù lọ sí ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni má baà dá lọ. Ti Mopélọ́lá ṣì gbóná. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí wọ́n ti mú Ìtùnú, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, lọ, nítorí pé ó tilẹ̀kùn mọ́ ọn nílé, ó lọ síbi iṣẹ́ búrẹ́dì ní ìdájí, aládùúgbò sì gbọ́ igbe ọmọ. Láti ìgbà tó ti ń wá sípàdé, kò tíì sọ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Nígbà tó la ẹnu lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn yíjú sí i.

Nínú àlá náà, òun àti Sìdíkátù jọ ń lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ilẹ̀ ṣófo. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ọ́fíìsì náà lófuurufú, tòun ti òrùlé, wáyà iná kan ń fì nísàlẹ̀ rẹ̀, ó rọra ń lọ síhà odò. Ẹnu kò ya Mopélọ́lá. Ohun tó rò kò ju pé àwọn ti pẹ́ lọ.

"Wọn kì í dúró de èèyàn," ni Sìdíkátù wí. "Di wáyà yẹn mú."

Wọ́n gun wáyà títí, wọ́n gba ojú fèrèsé wọlé. Ọ̀gá tó wà lẹ́yìn tábìlì, Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́wálé, kò wò wọ́n. Ó kàn tọ́ka sí àga. Bí Mopélọ́lá ṣe fẹ́ jókòó, àga sún sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, mà," ni àga wí. "Ṣé ìyá ọmọ ni yín, àbí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn?"

"Méjèèjì ni."

Àga rò ó díẹ̀. "Ẹ fi ìdajì ìdí jókòó nígbà náà."

Ó sì jókòó bẹ́ẹ̀. Fáìlì orí tábìlì wúkọ́, ó ṣí ara rẹ̀, ó ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè: ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ igbe, àgádágodo tí wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà, àwo ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Mopélọ́lá ń mi orí, nítorí òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ni Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́wálé bá sín. Ó tún sín, irùngbọ̀n funfun yọ lágbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó sín lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti di òbúkọ nínú kóòtù, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó na ẹnu, ó já ojú ìwé kan, ó ń jẹ ẹ́.

"Bóyá wọn ò tíì jẹun àárọ̀," ni Mopélọ́lá rò.

Ṣùgbọ́n fáìlì ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mà, ojú ìwé tó kàn ni wọ́n kọ ibi tí ọmọ yín wà sí. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n mọ́."

Mopélọ́lá yíjú sí Sìdíkátù. "Màmá Rùká, ẹ bá mi béèrè."

"Mo lè bá ẹ gun wáyà, mo lè dúró tì ẹ́. Èyí, ìwọ lo máa béèrè ẹ̀." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn.

Mopélọ́lá la ẹnu. Igbe ewúrẹ́ ló jáde. Ó tún un ṣe, igbe ewúrẹ́ náà ni. Òbúkọ dáwọ́ oúnjẹ dúró, ó ń wò ó bí ẹni rí mọ̀lẹ́bí. Ìgbà yẹn ni àyà rẹ̀ já. Sìdíkátù kò gbé ọwọ́ kúrò.

Mopélọ́lá tún la ẹnu, ohùn èèyàn ló jáde báyìí: "Níbo ni ọmọ mi wà, sà?"

Dúrọ́ọ̀ tábìlì ṣí. Ìtùnú jókòó sínú rẹ̀, ó fi bírò há etí bí akọ̀wé, kò sì sáré wá dì mọ́ ọn. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ fi tilẹ̀kùn mọ́ mi?"

Àwọn òṣìṣẹ́ ti bi Mopélọ́lá nípa iṣẹ́, nípa ilé, nípa ọkọ tó lọ tí kò padà, ó sì ti wá èsì sí gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní èyí bẹ́ẹ̀ rí.

"Mi ò lẹ́ni tí mo lè fi ẹ́ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀," ó ní. "Ojú sì ń tì mí láti sọ fún èèyàn. Mo rò pé wàá sùn títí n ó fi dé. Mo ṣe ohun tí kò dáa sí ẹ."

Ìtùnú ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ta jí.

Oòrùn ọ̀sán ń tàn sí i lójú. Nǹkan há sí i léyín. Ó fà á yọ: lẹ́tà tí wẹ́fíà kọ ránṣẹ́ sí i ni, èyí tó ń kà kó tó sùn. Ó ti jẹ igun rẹ̀ kan, ó sì ti gbé e mì.

"Ibẹ̀ ni wọ́n kọ aago tí n ó débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé sí," ó sọ fún ẹgbẹ́. "Ìdí tí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń rẹ́rìn-ín, Mopélọ́lá náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Sìdíkátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Aago mẹ́wàá ni. O kà á fún mi lórí fóònù, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Ohun tó o sọ fọ́mọ yẹn, ṣé o lè sọ ọ́ fún wọn?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Sọ ọ́ fún wa ná."

Ó sọ ọ́, lójú ayé, kì í ṣe lójú àlá mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó tún sọ ọ́ níwájú Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́wálé, láìyọ ohunkóhun kúrò. Ọkùnrin náà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kò sí òbí tó tíì jókòó níwájú òun sọ ọ́ báyìí rí, pé ọmọ lè padà sílé lópin oṣù, ṣùgbọ́n òun ní láti kọ orúkọ ẹni tí yóò máa dúró ti ọmọ ní ìdájí tí ìyá bá lọ síbi iṣẹ́.

Mopélọ́lá wolẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́," ni Sìdíkátù wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Sìdíkátù Àlàmú. Ilé mi ò jìnnà sí tiwọn."