Ilé Nordlund Nínú Àpótí Ìwárí

Níhà ọ̀dọ̀ wa níbí, bí ilé bá ti gba orúkọ, àfi kí ilé wó kí orúkọ tó kúrò. O lè ra ilé, kí o pààrọ̀ òrùlé rẹ̀, kí o kùn ún ní ọ̀dà pupa, kí o bí ọmọ mẹ́ta síbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń wa bàbà nínú ilẹ̀ ni wọ́n á ṣì máa dárúkọ. Àwọn kan ní àṣà ni. Èmi gbà pé agídí ni, mo sì ń sọ ọ́ níbi gbogbo.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí mo gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ awakọ̀ wa fi fún mi ní ẹ̀fọ́rí. Ọ̀fẹ́ ni ẹgbẹ́ yìí ń gbé àwọn arúgbó lọ sí ọsibítù, pàápàá nígbà yìnyín. Ardis Luoma ló ti ń gbé fóònù ẹgbẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, inú orí rẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n Ardis fẹ́ sinmi. Wọ́n wá ní kí n ṣe é kí awakọ̀ lè tẹ lẹ́tà méjì mẹ́ta sórí fóònù, kí orúkọ ibi tó ń lọ sì yọ jáde fúnra rẹ̀. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo ń ṣe jẹun ní Minneapolis kí n tó padà sílé, mo sì fọ́nnu pé kò le.

Kò le náà. Èèyàn á kó orúkọ sínú ẹ̀rọ ìwárí, ẹ̀rọ á gé orúkọ kọ̀ọ̀kan láti iwájú, lẹ́tà méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, kí ó lè dá ohun tí o ń wá mọ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́ tán. Orúkọ gbogbo ìlú àgbáyé ni mo kọ́kọ́ dà sí i, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣìṣe. Àwọn baba ńlá wa tó ti Finland wá kó orúkọ ìlú wọn dání bọ̀ ni. Bàbá Sulo Kettunen, tó dàgbà jù nínú àwọn awakọ̀, fẹ́ lọ sí Toivola tiwa tó wà ní ọ̀nà etí adágún. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Taimi, ẹ̀rọ ẹ ní kí n gba orí òkun lọ."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo máa tún un ṣe."

"Ta ló ń bínú? Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ á ra ọkọ̀ ojú omi fún mi ni."

Mo pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ó máa fi ibi tó sún mọ́ awakọ̀ jù lọ síwájú. Toivola tiwa bọ́ sókè, ti Finland lọ sísàlẹ̀. Ó wá ku orúkọ ilé, èyí tí kò sí nínú àkójọ ìjọba kankan. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ilé ju onílé lọ. Mo wọ bàtà yìnyín mi, mo ń lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, mo ń bi onílé kọ̀ọ̀kan ohun tí àwọn èèyàn ń pe ilé rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi, Àǹtí Consuelo, ni mo parí rẹ̀ sí. Ọmọ New Mexico ni. Reino Niemela ló fẹ́ ẹ wá síbí lọ́jọ́ tó ti pẹ́, Reino sì kú nígbà tí yìnyín èṣí ń yọ́. Kò sí arúgbó tí obìnrin yìí kò tíì gbé lọ sí ọsibítù. Nígbà tí mo padà sílé tí ayé sú mi, òun ló ń gbé oúnjẹ wá sí ẹnu ọ̀nà mi láìbi mí ní ìbéèrè kankan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

"Ilé Nordlund ni wọ́n ń pè é," ó dá mi lóhùn, ó ń po ìyẹ̀fun lọ. "Àmọ́ o ò ní nílò ẹ̀ pẹ́. Àwọn kan ń bọ̀ láti Chicago ní Sátidé. Wọ́n fẹ́ rà á. Mo máa fọwọ́ sí i."

Mo ní kí ló dé.

"Nígbà tí Reino wà, mo ń fara dà á. Ilé bàbá ìyá ẹ̀ ni, inú ẹ̀ máa ń dùn tí wọ́n bá pe Nordlund. Ṣùgbọ́n òun náà ti lọ. Kí ni mo wá ń ṣe nínú ilé òkú, láàárín àwọn tí wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ n fi orúkọ yín sí i, Àǹtí. Ọwọ́ mi ni ẹ̀rọ náà wà."

"Má dán an wò!" Ó na ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun sí mi. "Orúkọ tí àwọn èèyàn ò pè, ta ni ẹ̀rọ fẹ́ kọ́ ọ? Má ṣàánú mi, Taimi. Kọ ohun tí mo sọ."

Mo kọ Nordlund. Mo délé, mo fi ìbínú ti ilẹ̀kùn gbàgà, bẹ́ẹ̀ n kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Ní Tọ́sìdeè, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a péjọ sí gbọ̀ngàn àwọn panápaná láti dán ẹ̀rọ náà wò. Àǹtí Consuelo wà ní ilé ìdáná ẹ̀yìn, ó ń se kọfí. Ó ti gbé bisikíìtì rẹ̀ olóòórùn dídùn kalẹ̀, Bàbá Sulo sì ti kó mẹ́rin sínú àpò kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Mo ní kí oníkálukú tẹ ibi tó bá wù ú. Bàbá Sulo tẹ Toivola, ó rí i, ó kùn bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka gbá ojú fóònù.

"Taimi, nǹkan ẹ ti kú."

"Kí lẹ tẹ̀, Bàbá?"

"Ilé Consuelo. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò fọhùn. Mo tẹ gbogbo ẹ̀, kò fọhùn."

"Tèmi náà nìyẹn," Ardis sọ, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mo rò pé ojú mi ni."

Mo ní, "Ilé Nordlund ni kí ẹ tẹ̀."

Bàbá Sulo wò mí láti òkè délẹ̀. "Nordlund wo? Ọkùnrin yẹn ti kú kí wọ́n tó bí ẹ. Ta ló rán ẹ sí i?"

"Àǹtí fúnra wọn ló ní bẹ́ẹ̀ lẹ ń pè é."

"Níwájú Reino là ń pè é bẹ́ẹ̀, torí pé ó fẹ́ràn ẹ̀. Tó bá ti yíjú báyìí, ilé Consuelo ni. Ẹ̀rọ tí ò mọ ilé Consuelo, kí ló fẹ́ mọ̀?"

"Àbí ìwọ Taimi," Ardis gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, "ṣé èèyàn á dúró níwájú Consuelo kó máa ní òun ń bọ̀ nílé Consuelo ni? Ta ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? A kì í bi onílé ní orúkọ ilé rẹ̀. Ará ìta là ń bi."

Mo gbójú sókè, mo rí Àǹtí Consuelo lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ìkòkò kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ó bi wọ́n.

Bàbá Sulo fọwọ́ họ àgbọ̀n. "Láti ọdún tí iná lọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tí o se ọbẹ̀ ata ẹ yẹn fún gbogbo àdúgbò. Ẹnu ṣì ń ta mí."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún láàárín kan náà. Ardis gba ìkòkò kọfí lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà jó o.

"Taimi," Àǹtí wí nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, "fi sí i."

"Nordlund ńkọ́?"

"Jẹ́ kó wà lẹ́yìn. Kì í ṣe ọ̀tá mi."

Mo so orúkọ méjèèjì mọ́ ilé kan ṣoṣo, mo sì fi tirẹ̀ síwájú. Mo ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Sulo tún un tẹ̀, orúkọ Àǹtí sì yọ jáde kí ó tó tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì. Àǹtí ní kí ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà Àǹtí mú fóònù tirẹ̀, ó jáde sínú yìnyín láìwọ kóòtù, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ojú fèrèsé, mo rí i tó ń sọ̀rọ̀ tó ń ju ọwọ́.

Ó wọlé padà, etí rẹ̀ pọ́n fún òtútù.

"Ta lò ń bá wí níta nínú òtútù yìí?" Bàbá Sulo, tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ Chicago, bi í.

"Àwọn kan tó ń bọ̀ wá wo ilé Nordlund ní Sátidé. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá. Consuelo ló ń gbébẹ̀."

"Òótọ́ lo sọ fún wọn," Bàbá Sulo wí, ó sì na ọwọ́ sí bisikíìtì.