Wàláà Bàbá Sàlíhù

Nígbà kan, kò sọ́mọ kéwú kan ní Ọjà Tuntun tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan wàláà, pákó ìkọ̀wé, tí Sàlíhù gbẹ́. Pákó tó ń dán bí ojú omi ni. Bí o bá fi tàdáwà kọ̀wé sí i, ó mú. Bí o bá bu omi fọ̀ ọ́, ó lọ. Ogójì ọdún ni baba náà fi gbẹ́ wàláà fọ́mọ ọlọ́mọ. Òun alára kò kọ́ ẹnì kan ní kéwú rí.

Nígbà tó kú, àbíkẹ́yìn rẹ̀, Sakinah, ni wọ́n ní kó kọ ìtàn rẹ̀ tí wọn yóò pín níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tó ku ọ̀la, ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Táíwò Road, ó ro gbogbo rẹ̀ fún AI orí fóònù rẹ̀. AI kọ ọ́. "Jẹ́ kó dùn sí i." Ó dùn. "Jẹ́ kó yẹ àgbà Ìlọrin." Ó yẹ. Ìkánjú ò jẹ́ kó kà á tán tó fi fi í ránṣẹ́ sí Abdulsobur, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyáálé.

Ìgbà tó wá kà á, ẹnu yà á. Baba rẹ̀ ti di onímọ̀ ńlá tí ẹgbẹ̀rún ọmọ kéwú jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí pákó, kò sí àáké níbẹ̀. Ó bi AI pé níbo ló ti rí i. AI ní òun kò rí i níbì kankan, òun fi kún un kó lè yẹ àgbà ni. Ó ní kó má tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bá a tún òtítọ́ kọ, ojú ewé kan péré.

Abdulsobur já wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ti àkọ́kọ́ yẹn kọ́. Irọ́ wà nínú ẹ̀."

"Irọ́ wo? Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa yan lémọ́mù àdúgbò. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà lo fẹ́ kí wọ́n pè mí?"

"Ohun tí wọ́n ń pè yín látìgbà tí wọ́n ti bí yín nìyẹn. Pákó ló fi bọ́ yín yó tẹ́ ẹ fi ń rí ẹnu bú u."

Onítẹ̀wé bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ń rẹ́rìn-ín? Tẹ ti àkọ́kọ́! Igba ẹ̀dà ni kó jẹ́. Ọmọ ìyàwó kékeré ò ní kọ́ mi ní ìtàn bàbá mi."

Sakinah ò bá a jà mọ́. Ó lọ sílé, ó gbé wàláà tí baba rẹ̀ gbẹ́ kẹ́yìn, ó sì fi tàdáwà da ojú ewé kan yẹn kọ sí i.

Lọ́jọ́ fìdáù, ó fi í ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé Abdulsobur ni àwọn èèyàn fi ṣe abẹ̀bẹ̀. Wàláà ni wọ́n dúró tì. Bàbá Àúdù, tí òun àti Sàlíhù jọ dàgbà, fọwọ́ pa á lára. "Ọwọ́ Sàlíhù rèé," ló ní, omi sì lé sójú rẹ̀.

Abdulsobur gbé búútà, ó ń da omi sí wàláà lójú gbogbo ayé. "Kùránì ni wàláà wà fún! Kì í ṣe ìtàn agbẹ́gi!"

Sakinah sáré gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀. Omi dúdú kún un. Ó gbé e sẹ́nu bí ọmọ kéwú ṣe ń mu hàńtú, omi tí wọ́n fi fọ Kùránì orí wàláà, ó mu ún, kò ṣẹ́ kù. Ètè rẹ̀ dúdú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ wá fọ èyí tó wà nínú mi."