Apá Kejì Tí Kò Gba Ẹni Méjì

Ẹ̀bi Fàlílátù ni. Ẹ jẹ́ ká ti fi ìyẹn lélẹ̀ ná. Súbérù tó ń ta síìdì ní Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú fẹ́ kìlọ̀ fún un. Ó ní, "Màmá, apá kejì géèmù yìí, àwọn nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀ o." Fàlílátù já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣebí Kẹ́hìndé tó dé kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò? Kí ni apá kìíní tó jẹ́ àbúrò mọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ò mọ̀? Obìnrin tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, ta ni yóò kọ́ ọ? Bó ṣe fi síìdì apá kìíní ṣe pààrọ̀ nìyẹn, tó ń ju ìdí lọ sílé ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè.

Géèmù eré ìje ọkọ̀ ni. Àwọn òbí Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń jí lọ síṣẹ́ ní Èkó láti ìdájí, wọ́n á wá fi Sátidé sùn bí òkú. Ni Fàlílátù bá ń ti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú ní gbogbo Sátidé. Ó máa ń sọ fún àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ pé ẹja lòun ń gbé lọ fún ọmọ. Irọ́ ni. Pádì tí wọ́n fi ń gbá géèmù ló ń pè é. Ojú tẹlifíṣọ̀n á pín sí méjì, ọmọ ọdún méjìlá lókè, ìyá àádọ́rin ọdún nísàlẹ̀, ìyá á máa fi ọkọ̀ gbá ògiri, á sì máa bú ògiri.

Wọ́n ki tuntun bọ ẹ̀rọ. Òjò ń rọ̀ lójú títì inú géèmù, ọkọ̀ ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Moyọ̀sọ́rẹ wá ibi tí ẹni méjì ti ń gbá a, ó wá a títí.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni, Màmá. Wọ́n ti yọ ti ẹni méjì."

Fàlílátù ṣépè fún àwọn tó ṣe é. Ta ní ń gbé ẹja kúrò lórí ààrò nígbà tí ìdajì rẹ̀ ṣì tutù? Wọn ì bá ní sùúrù. Ọmọ náà ń gbèjà wọn: òjò yẹn nìkan ti tó o, ọkọ̀ tún ń fọ́ bó bá kọlu nǹkan, apá kìíní ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

"Òjò tí kò pa ẹni méjì, kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

Moyọ̀sọ́rẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò níbi eré. Fàlílátù di pádì kejì mú lásán. Bí ọkọ̀ ọmọ bá yà sọ́tùn-ún, ìdí tirẹ̀ á yà sọ́tùn-ún lórí àga. Ó wo ara rẹ̀, àgbàlagbà tó ń wa ọkọ̀ tí kò sí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi hú ikọ́. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó bi ara rẹ̀ pé: kí lòun tún ń wá ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀?

Ó dìde, ó tún ìró ró. Ó ní kí ọmọ yọ síìdì náà fún òun, òun ń lọ bẹ Súbérù kó tó ta apá kìíní fún ará Ìmọ́tà kan.

Moyọ̀sọ́rẹ dá ọkọ̀ dúró sínú òjò, ó di etí ìró Màmá mú.

"Ẹ jókòó jàre. Apá kìíní ti sú mi láti ìgbà Iléyá, Màmá. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì sú mi."